Màmá mi ta bàtà Ítálì fún ogún ọdún, wọn ò dé Ítálì rí: ọjọ́ mẹ́ta ní Florence, kí la lè ṣe?

Abẹ́ní Peckham:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá bẹ̀. Màmá mi ń bọ̀ láti Èkó wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Karùn-ún, físà Schengen wọn náà ti jáde, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Mo fẹ́ mú wọn lọ sí Florence fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìdí rẹ̀ rèé. Màmá ta bàtà àti báàgì Ítálì ní ọjà Balogun fún ogún ọdún ó lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ayé ìgbà yẹn, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: bàtà àti báàgì tó bára mu, tí wọ́n fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé nínú páálí, tí ẹni tó ń lọ òde ọjọ́ Sátidé á ní kí wọ́n dì í kó tó bèèrè iye. "Ítálì ni, ojúlówó ni" ni gbólóhùn tí mo gbọ́ jù ní kékeré. Ṣùgbọ́n Màmá fúnra wọn ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ọwọ́ àwọn tó ń lọ kó o wá ni wọ́n ti ń rà á. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 67 báyìí, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀, wọn ò sì ní sùúrù fún ìlà títò.

Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé iwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù olówó gọbọi la máa dúró sí, ká máa wo iye owó, ká máa ṣe háà. Kí la lè rí níbẹ̀ tí Màmá á fi mọ̀ pé òun ti dé ibi tí ọjà òun ti wá?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, sìsítà. Mi ò ní purọ́ fún yín: tó bá jẹ́ ti fáàrí, Milan ni kẹ́ ẹ lọ. Prada, ibẹ̀ ni. Armani, ibẹ̀ ni. Ẹ sì lè yà sí San Siro, pápá bọ́ọ̀lù wọn, níbi tí Obafemi Martins ọmọ wa ti ń sáré bí ẹtu nígbà tó wà ní Inter. Florence? Ṣọ́ọ̀ṣì àti àwòrán ara ògiri ló kún ibẹ̀. Màmá á kàn máa rìn títí orúnkún á fi wú.

Létí Odò Arno:
Ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín. Ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́ ní Florence, ọdún kẹrin mi nìyí. Òótọ́ ni pé Milan ló ń pàṣẹ lónìí, àmọ́ ibí ni Milan ti gbà á. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1951, ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ilé ìtajà Amẹ́ríkà ra ọjà Ítálì, Giovanni Battista Giorgini, kó àwọn aránṣọ Ítálì jọ sínú ilé ara rẹ̀ níbí, ó sì pe àwọn oníbàárà rẹ̀ láti òkè òkun wá wò. Nígbà yẹn, Paris nìkan ni wọ́n ń wò fún aṣọ. Ní ọdún 1952, ìpàtẹ náà kó lọ sínú Sala Bianca, gbọ̀ngàn funfun kan ní ààfin Pitti. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn dáadáa ni Milan tó já a gbà. Ìpàtẹ aṣọ ọkùnrin ṣì kù sọ́wọ́ wa: Pitti Uomo, oṣù Kìíní àti oṣù Kẹfà. Inú mi dùn pé oṣù Karùn-ún lẹ ń bọ̀, torí owó hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ Pitti yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Ti ìrìn àjò wá ńkọ́. Ọ̀pọ̀ bàálù olówó pọ́ọ́kú láti Lọ́ńdọ̀nù, Pisa ni wọ́n ń balẹ̀ sí. Rélùwéè láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa tó wákàtí kan. Ẹ má wá "Florence" lójú pátákó o, "Firenze" ni wọ́n ń kọ; Santa Maria Novella ni ibùdó tẹ́ ẹ máa bọ́ sí. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bébà lẹ rà, ẹ tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri kó lù ú lóǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó san ìtanràn lórí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti sanwó rẹ̀.

Àárín ìlú kéré, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ káàkiri, nítorí náà bàtà pẹlẹbẹ ni kí Màmá wọ̀. Kí àwọn "ojúlówó" wọn sinmi nílé. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín gun òrùlé rìbìtì Katidírà, àtẹ̀gùn 463 ni, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè. Láti ìsàlẹ̀ náà lẹ ti máa rí ohun tí Brunelleschi ṣe láàárín ọdún 1420 sí 1436, tó mọ òrùlé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láìfi igi gbé e láti ìsàlẹ̀. Uffizi àti Accademia, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwòrán àti ère, kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀ láti ilé, kẹ́ ẹ yan wákàtí, Màmá ò ní to ìlà gígùn yẹn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má háyà mọ́tò o! Mo tún un sọ, ẹ má háyà mọ́tò. A wa tiwa wọ àárín Florence, à ń wá hòtẹ́ẹ̀lì, a yí ojú pópó kan náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó dá wa dúró, kò sí ọlọ́pàá. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tá a ti padà sílé, lẹ́tà dé. Ìtanràn méjì, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni kámẹ́rà rí wa. Gbogbo àárín ìlú yẹn ni wọ́n ti dínà mọ́ ọkọ̀ àlejò. Títí dòní, tí ọkọ mi bá ti gbọ́ "Ítálì," ó máa ń mí kanlẹ̀ ni.

Ìkejì, àwọn tó ń tẹ́ báàgì ayédèrú sórí aṣọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ kọjá. Òfin wọn níbẹ̀, ẹni tó rà á náà ń jẹ nínú ẹ̀: ìtanràn lè tó Yúrò 7,000.

Aláwọ Ọ̀yọ́:
Ẹ kú àsìkò yìí, ẹ̀yin ọmọ wa. Iṣẹ́ awọ la bá lọ́wọ́ bàbá wa ní Ọ̀yọ́, òun náà la ṣì ń ṣe: tìmùtìmù, àpò, bẹ́líìtì, ìrùkẹ̀rẹ̀ tí a fi awọ dì lọ́wọ́. Mo ti ń gbọ́ "awọ Florence, awọ Florence" láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó wà níbẹ̀: awọ ẹran wo ni? Kí ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di rírọ̀? Ṣé ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń rán an, àbí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí àlejò dúró wo àwọn, àbí àṣírí ni?

Létí Odò Arno:
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Awọ màlúù ló pọ̀ jù. Ìlú kan wà láàárín ọ̀nà Florence sí Pisa tí wọ́n ń pè ní Santa Croce sull'Arno, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ awọ di rírọ̀. Àwọn kan ṣì wà níbẹ̀ tí wọn kì í lo kẹ́míkà kíkankíkan: oje tí wọ́n fà jáde lára igi, bíi igi chestnut àti mimosa, ni wọ́n ń rẹ awọ sí, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó mu ún dáadáa. Irú awọ bẹ́ẹ̀ kì í rí bákan náà títí. Bí ọwọ́ àti oòrùn bá ṣe ń kàn án ló ń pọ́n sí i.

Wọ́n ń jẹ́ kí àlejò wò wọ́n, Bàbá. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Santa Croce ní àárín ìlú wa níbí (orúkọ kan náà, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀), ilé ẹ̀kọ́ awọ kan wà, Scuola del Cuoio. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn àlùfáà Franciscan àti ìdílé aláwọ méjì jọ dá a sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí lè rí iṣẹ́ kọ́. Ẹ lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wọn báyìí. Abẹ́ní, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún Màmá.

Mo tún ní ohun kan fún Bàbá. Ilé gogoro onígun mẹ́rin kan wà níbí, Orsanmichele. Ọjà ọkà ni tẹ́lẹ̀ kó tó di ṣọ́ọ̀ṣì. Láyé ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ló ń darí ìlú yìí: ẹgbẹ́ onírun àgùntàn, ẹgbẹ́ onísẹ́ẹ́dà, ẹgbẹ́ alápatà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe bàtà. Ẹgbẹ́ onírun àgùntàn ló tiẹ̀ ń bójú tó kíkọ́ Katidírà. Wọ́n wá pín ihò ara ògiri Orsanmichele láàárín ara wọn, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ère ẹni mímọ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ aláṣọ ọ̀gbọ̀ bẹ Donatello lọ́wẹ̀ pé kó gbẹ́ Máàkù Mímọ́ fún àwọn. Bàbá, ẹ wo ẹsẹ̀ ère yẹn dáadáa: orí tìmùtìmù ló dúró sí! Mábù ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹ ó rí i bí tìmùtìmù náà ṣe rì wọlẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí Vasari, ayàwòrán tó kọ ìtàn àwọn oníṣẹ́ ọnà, kọ, pé nígbà tí àwọn aláṣọ ọ̀gbọ̀ rí ère náà nílẹ̀, wọ́n láwọn ò fẹ́ ẹ. Donatello ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbé e sókè sáàyè rẹ̀, kóun tún un ṣe. Ó fi aṣọ bò ó fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tó ṣí i, gbogbo wọn ní báyìí ló dára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oníbàárà, ẹ mọ irú wọn. (Àwòkọ ló wà lára ògiri báyìí, ojúlówó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lókè ilé kan náà.)

Aláwọ Ọ̀yọ́:
Tìmùtìmù! Wọ́n mà gbọ́n o.

Kọ́lá Ṣúmẹ́kà:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà wọlé sí i, torí bàtà ni iṣẹ́ tèmi. Màmá gbọ́dọ̀ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ferragamo, ní ìsàlẹ̀ ààfin Spini Feroni, nítòsí afárá Santa Trinita. Salvatore Ferragamo kì í ṣe ọmọ Florence. Bonito, ní apá gúúsù, ni wọ́n bí i sí. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń ṣe bàtà fún àwọn eléré sinimá, ó sì padà wá fìdí kalẹ̀ ní Florence ní ọdún 1927.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí. Ọdún 1935 ni Mussolini, olórí Ítálì nígbà yẹn, kó ogun wọ Ethiopia. Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè ìgbà yẹn fìyà òwò jẹ Ítálì, àwọn nǹkan kan sì dọ̀wọ́n. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń tì bọ àárín àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà gíga kó má bàa dá, Ferragamo ò rí èyí tó dáa rà mọ́. Ó bá mú kọ́ọ̀kì, irú èyí tí wọ́n fi ń dí ìgò wáìnì, ó lẹ̀ ẹ́ lé ara wọn, ó fi dí àlàfo tó wà láàárín gìgísẹ̀ àti iwájú bàtà pátápátá. Bí "wẹ́ẹ̀jì" ṣe dáyé nìyẹn! Bàtà tí gbogbo ìyá wa ń wọ̀ lọ sóde torí pé kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ro wọ́n, ogun tí wọ́n gbé ja ilẹ̀ Áfíríkà ló bí i.

Ẹ ó tún rí làásìtì níbẹ̀, ẹsẹ̀ onígi tí à ń na awọ lé, ti àwọn oníbàárà rẹ̀, bíi Marilyn Monroe àti Audrey Hepburn.

Àmọ́ ẹ sọ òótọ́ fún Màmá. Florence lókìkí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti kíkó bàtà jáde lọ́pọ̀ yanturu, Marche ni, ní ìhà òkun Adriatic, àti etí odò Brenta nítòsí Venice. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọjà wọn ti wá.

Abẹ́ní Peckham:
Háà! Mo ka ti wẹ́ẹ̀jì yẹn sí Màmá létí lórí fóònù, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Mussolini wá jẹ mí lówó nìyẹn." Ti Marche yẹn, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, pé ó wà lára páálí.

Ìbéèrè mi tó kù: kí ni wọ́n máa jẹ? Màmá ò lè fojú rí wàràkàṣì.

Túndé Onígáàsì:
Ṣàkì! Ẹ̀yin ò mọ̀ pé àwọn ará Florence ń jẹ inú ẹran? Wọ́n ń pè é ní lampredotto, ikùn kẹrin màlúù ni. Inú kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń tà á. Wọ́n á bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, tòmátò àti ewébẹ̀ títí á fi rọ̀ jọ̀ọ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ lójú yín, wọ́n á ki í bọ búrẹ́dì, wọ́n á ti òkè búrẹ́dì yẹn bọ omi ẹran lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ pé "piccante," wọ́n á fi ata sí i. Ata wọn ò ta tó tiwa, ẹ fara mọ́ ọn.

Kí Màmá má bínú sí búrẹ́dì àárín oúnjẹ wọn o, wọn kì í fi iyọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran sísun ńlá tí wọ́n ń pè ní bistecca, pupa ni inú rẹ̀ máa ń wà. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n dáná sí i dáadáa, ojú lásán ni wọ́n á fi wò yín. Kọfí, ẹ dúró mu ún nídìí káńtà, tẹ́ ẹ bá jókòó owó rẹ̀ lè lé sí i. Coperto tẹ́ ẹ bá rí lórí rìsíìtì, owó ìjókòó ni, wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ó dáa, mo ti gbà. Àmọ́ Létí Odò, mo gbọ́ pé adúláwọ̀ jọba níbẹ̀ rí. Ṣé òótọ́ ni?

Létí Odò Arno:
Alessandro de' Medici lẹ ń sọ. Òun ló kọ́kọ́ jẹ duke Florence, ní ọdún 1532. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló gbà pé ìránṣẹ́bìnrin tàbí ẹrúbìnrin aláwọ̀ dúdú ló bí i. "Il Moro," ìyẹn adúláwọ̀, ni wọ́n ń fi pè é. Ìbátan rẹ̀ ló pa á ní ọdún 1537. Àwòrán rẹ̀ tí Vasari kùn wà ní Uffizi, ó wọ aṣọ ogun onírin, ó jókòó bí ẹni tí kò fọkàn tán ẹnìkan.

Abẹ́ní Peckham:
A ti lọ, a ti bọ̀, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá nù ní Pisa, torí ojú mi ń wá "Florence" kiri lójú pátákó. Màmá ló rántí. "Ṣé ọmọ yẹn ò ní Firenze ni wọ́n ń kọ ni?"

Uffizi: wọ́n kọjá níwájú àwọn àwòrán Botticelli, wọ́n ní "ó dáa, ó dáa". Ibi tá a ti dúró ni àwòrán Eleonora di Toledo, aya duke Florence ìgbà kan, tí Bronzino kùn ní nǹkan bí ọdún 1545, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Mo rò pé ojú obìnrin náà ni Màmá ń wò. Aṣọ ni. Aṣọ funfun, àpẹẹrẹ dúdú tó lọ́ mọ́ra, wúrà wá yọ láàárín àyà bí èso tí wọ́n là sí méjì. Màmá sún mọ́ ọn, wọ́n gbé gíláàsì wọn sókè síwájú orí, wọ́n tún sún mọ́ ọn, títí olùṣọ́ fi wúkọ́. Wọ́n yíjú sí mi: "Wọn ò tẹ èyí o. Híhun ni. Wo ibi tí òwú wúrà ti ṣe kókó kókó." Lẹ́yìn náà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Èló ni ọ̀pá?" Létí Odò bá wa lọ (ọmọ rere ni, ẹ bá mi kí ìyá ẹ̀), ó ní àwọn èèyàn ti gbà fún ìgbà pípẹ́ pé aṣọ yẹn ni wọ́n fi sin ín ní ọdún 1562, kó tó di pé wọ́n ṣí ibojì, tí wọ́n bá aṣọ mìíràn. Màmá ní àwọn ọmọ ẹ̀ gbọ́n, ta ló máa sin irú aṣọ bẹ́ẹ̀?

Ilé ẹ̀kọ́ awọ: òórùn ló kọ́kọ́ kí wa. Màmá mú pọ́ọ̀sì kan, wọ́n dojú inú ẹ̀ síta bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Balogun kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá. Mo fẹ́ wọlẹ̀. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì rẹ́rìn-ín, ó fa èyí tí kò tíì rán tán jáde, ó fi ẹ̀yìn ẹ̀ hàn wọ́n. Ìyẹn ò gbọ́ Yorùbá, Màmá ò gbọ́ èdè Ítálì, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń na ìka sí awọ. Pọ́ọ̀sì yẹn la rà, Yúrò 48. Màmá ná an. Wọn ò gbà.

Ní Ferragamo, wọ́n rí wẹ́ẹ̀jì aláràbarà tó ṣe fún Judy Garland ní ọdún 1938, tí àwọ̀ jókòó lé àwọ̀ bí òṣùmàrè. "Mo ta àbúrò ẹ̀," ni wọ́n sọ, wọ́n kọjá lọ. Àwọn ẹsẹ̀ onígi yẹn ni wọn ò fẹ́ràn, wọ́n ní ẹni tó bá di igi ẹsẹ̀ ẹ mú ti mọ ibi tó o ń lọ.

Ẹlẹ́dẹ̀ onídẹ kan wà ní ọjà Mercato Nuovo tí àwọn àlejò ń fọwọ́ pa nímú kí wọ́n lè padà wá. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ṣàkì, wọ́n jẹ méjì.

Aláwọ Ọ̀yọ́:
Ẹ kú àbọ̀, Abẹ́ní. Ẹ bá mi wo pọ́ọ̀sì yẹn: rírán mélòó ló wà nínú íńṣì kan, ṣé wọ́n sì fi ìda pa òwú?

Abẹ́ní Peckham:
Bàbá, Màmá ti kà á kẹ́ ẹ tó bèèrè: mẹ́jọ. Ìda wà lára òwú, wọ́n fi èékánná họ ọ́ wò. Wọ́n ní kí n bi yín pé èló ni tìmùtìmù ní Ọ̀yọ́ báyìí, àti pé tó bá jẹ́ méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa gbé e wálẹ̀ díẹ̀, àbí?